Obìnrin tí Ìtọ̀ Ń Dà Lára Rẹ̀: Ìwòsàn Ń Bẹ, Ọjọ́ Rẹ̀ Kò sì Pọ̀ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìpín sàká, ní Ìlúà)

  

Ẹ mọ̀ pé nígbàkígbà tí a bá jókòó láti pín sàká, orúkọ àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn ló máa ń ṣáájú nínú ìwé tí èmi akọ̀wé yín ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ sàká gbé ìbéèrè kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n wádìí rẹ̀ wá. Ìbéèrè náà nìyí: obìnrin tí ó rọbí, tí ìtọ̀ kò sì dúró lára rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á ná owó sàká lórí ìtọ́jú rẹ̀? Àwọn kan ní àìsàn náà kò gbóògùn, pé owó wa yóò kàn ṣòfò ni. Àwọn mìíràn ní bí ó bá tilẹ̀ gbóògùn, obìnrin náà yóò pẹ́ ní ọsibítù, àpò ẹgbẹ́ kò sì lè gbé e.

Mo lọ ka ohun tí àwọn dókítà kọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí mo bá bọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn yìí gbóògùn. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ọjọ́ tí wọn yóò lò lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì ti lè dín sí ìdajì ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó sọ èrò yín.

BÍ ÀÌSÀN NÁÀ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Fístúlà ni àwọn dókítà ń pè é. VVF ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ ní kúkúrú. Ihò ni, ihò tí kò yẹ kí ó sí níbi tí ó wà. Ara tí ó pààlà sí àárín àpò ìtọ̀ obìnrin àti ojú ara rẹ̀ kò nípọn. Bí obìnrin bá ń rọbí, tí orí ọmọ há sí ìbàdí, tí kò lọ síwájú, tí kò padà sẹ́yìn, orí ọmọ náà yóò máa tẹ ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí mọ́ egungun. Ibi tí a bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀. Ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò kú. Ẹni tí ó bá ti so okùn mọ́ ìka rẹ̀ rí, tí ìka náà dúdú tí ó sì kú tipiri, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ibi tí ó ti kú yẹn yóò jábọ́, yóò wá ku ihò. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ yóò ti máa dà, tọ̀sán tòru, láìjẹ́ pé obìnrin náà tọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn, apá ẹ̀yìn ni ihò náà máa ń wà, ìgbẹ́ ni yóò sì máa gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ kíyèsí i pé ìtọ̀ náà lè má bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní ọjọ́ ìrọbí gan-an. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá fi máa dà, àwọn ènìyàn ti gbàgbé ìrọbí tí ó pẹ́. Wọ́n á máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní orogún ni, wọ́n á ní àjẹ́ ni, àwọn mìíràn á ní àgbèrè ni obìnrin náà ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́. Ọmọ tí ó há, tí kò sì rí ìrànlọ́wọ́ lásìkò, ni ó fa á. Àwọn díẹ̀ sì wà tí ó jẹ́ pé níbi iṣẹ́ abẹ mìíràn, bíi yíyọ ilé ọmọ tàbí fífi abẹ gba ọmọ, ni àpò ìtọ̀ wọn ti fara gbọgbẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí ó há bẹ́ẹ̀ kì í yè. Obìnrin náà pàdánù ọmọ, ó pàdánù ìlera, nígbà tí ó sì yá, ó pàdánù ilé ọkọ nítorí òórùn. Kò lè jókòó sí ọjà. Kò lè wọ ọkọ̀ pẹ̀lú èrò. Bí ó bá sì ní àwọn ọmọ mìíràn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n lé e padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ yẹn di ọmọ òrukàn tí ìyá wọn ń bẹ láàyè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ wa.

ÀWỌN ÀGBÀ ÌMỌ̀ TI RÍ I TIPẸ́

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéwú mọ orúkọ Ibn Sina, àgbà oníṣègùn tí ó kú ní ọdún 1037. Nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀, al-Qanun, ó ti kíyèsí i pé bí wọ́n bá tètè fi ọmọdébìnrin fọ́kọ tí ó sì lóyún, ọmọ inú lè ya àpò ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ kò sì ní dúró mọ́. Ó mọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n ní ayé tirẹ̀, kò rí oògùn rẹ̀: ohun tí ó sọ ni pé obìnrin náà yóò gbé e lọ sí sàréè. Ṣáájú rẹ̀ ni al-Zahrawi ti wà ní Andalúsì, ẹni tí ó kọ ìwé al-Tasrif, apá 30 ni ìwé náà. Apá tí ó kẹ́yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ, ó sì ya àwòrán àwọn irinṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ki ọ̀pá fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ fún ẹni tí ìtọ̀ há mọ́, àti bí a ṣe ń fín oògùn sínú àpò ìtọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé rọ́bà tí a ń kì bọ ojú ìtọ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí ìmọ̀ àwọn Mùsùlùmí.

Ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ kọjá lẹ́yìn Ibn Sina kí ọ̀nà tó là dáadáa. Ní ìlú Montgomery ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1845 sí 1849, dókítà kan tí ń jẹ́ J. Marion Sims ń gbìyànjú láti rán ihò yìí. Àwọn ẹrú dúdú ló ń fi ṣe ìdánwò. Orúkọ mẹ́ta nínú wọn kù nínú ìwé: Anarcha, Betsey àti Lucy. Kò fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora, ó sì tó ìgbà 30 tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún Anarcha nìkan kí ó tó yọrí ní 1849, nígbà tí ó fi okùn fàdákà rán an. Ẹrú ni wọ́n, wọn kò ní àṣẹ lórí ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á rántí wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ara àwọn obìnrin tí ìran wọn wá láti Áfíríkà ni ayé ti kọ́ iṣẹ́ tí ó ń wo àwọn obìnrin sàn lónìí. Ìwádìí tí mo fẹ́ sọ fún yín láìpẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiwọn, wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn tiwa níhìn-ín, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. UCH, tí ilé ńlá rẹ̀ ṣí ní 1957, ti ń rí irú àwọn aláìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà J. B. Lawson, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, kọ̀wé lórí ọgbẹ́ ìrọbí, òun àti D. B. Stewart sì jọ gbé ìwé ńlá kan jáde ní 1967 lórí ìtọ́jú àwọn obìnrin ilẹ̀ olóoru. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ wa náà gba iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn hàn nínú rẹ̀.

BÍ DÓKÍTÀ ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N

Kì í ṣe gbogbo obìnrin tí ìtọ̀ ń já mọ́ lára ni ó ní fístúlà. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá wúkọ́ tàbí tí wọ́n gbé ẹrù ni ìtọ̀ díẹ̀ máa ń já. Ìyẹn yàtọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ló ṣáájú.

Àyẹ̀wò náà kò ní ẹ̀rọ olówó gọbọi nínú. Dókítà yóò fi òwú mẹ́ta sí ojú ara: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú àpò ìtọ̀, yóò sì fa omi tí a ti po mọ́ aró búlúù sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò yọ àwọn òwú náà wò. Bí òwú àárín bá ti di búlúù, ihò wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Bí òwú òkè bá tutù ṣùgbọ́n tí kò ní àwọ̀ búlúù, ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀ ni ó ti jò. Òwú lásán àti omi aró, ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun fi yé wọn.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà yóò wo bí ihò náà ti tóbi tó, ibi tí ó wà, àti bóyá àpá ti le síbẹ̀. Èyí ni wọ́n fi ń pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó rọrùn àti èyí tí ó lọ́jú pọ̀. Ẹ fi ìpín méjì yìí sọ́kàn, nítorí ó wúlò fún ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

RỌ́BÀ ÌTỌ̀ LÁSÌKÒ

Rọ́bà ìtọ̀, tí wọ́n ń pè ní kátítà, kì í ṣe àjèjì sí yín. Òun náà ni ẹ máa ń rí lára àwọn bàbá tí ìtọ̀ há mọ́, tí wọ́n so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Èyí tí a ń lò jù ní báyìí, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Frederic Foley ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1930. Ó ní bàlúù kékeré kan lórí. Bí ó bá ti dé inú àpò ìtọ̀, wọ́n á fa omi sínú bàlúù náà, kò sì ní lè yọ bọ́.

Ní àtijọ́, bí fístúlà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún obìnrin náà ni pé kí ó lọ dúró sílé fún oṣù mẹ́ta kí ọgbẹ́ náà kọ́kọ́ fara balẹ̀, kí ó tó padà wá fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ ro ohun tí oṣù mẹ́ta yẹn ń dá sílẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni ọkọ ń lé ìyàwó. Láàárín rẹ̀ ni owó ilé ń tán lọ́dọ̀ onífá àti aláàdúà.

Dókítà Kees Waaldijk, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Babbar Ruga ní Kàtsínà láti àwọn ọdún 1980, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà mìíràn wò. Bí obìnrin bá ti dé, kò sọ pé kí ó padà sílé. Ó ń ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí àpò ìtọ̀ má baà kún, kí etí ihò náà lè sinmi, ó sì ń fọ ibi tí ó ti kú. Èyí tí rọ́bà nìkan kò bá dí, ó ń rán an kíákíá láìdúró de oṣù mẹ́ta. Ní 2004, ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lórí obìnrin 1,716 tí fístúlà wọn kò tíì ju ọjọ́ 75 lọ. Nínú wọn, 1,633 ló dí ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé nínú obìnrin 100, ó lé ní 95. Àwọn kan nínú wọn kò dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ rárá. Rọ́bà ni ó wo wọ́n sàn.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa ní Ìlúà? Ẹ̀kọ́ náà ni pé ọjọ́ tí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà ni ọjọ́ tí ó yẹ kí á gbéra. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn ju ìgbà tí àpá bá ti le. Ẹni tí ó bá sì ti pẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, UNFPA àti ìjọba ṣe ètò ọ̀sẹ̀ méjì kan ní Kánò, Kàtsínà, Kébbì àti Sókótó. Ó ju obìnrin 500 lọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti gbé àìsàn náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún.

IṢẸ́ ABẸ NÁÀ ÀTI IYE ỌJỌ́ RẸ̀

Iṣẹ́ abẹ yìí, lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í la ikùn. Wọ́n máa ń gún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ yóò sì là sílẹ̀. Láti ojú ara ni dókítà yóò ti ṣe é. Yóò ya àpò ìtọ̀ kúrò lára awọ ojú ara yíká ihò náà, títí tí etí ihò méjèèjì yóò fi lè pàdé láìfà á tantan. Yóò wá rán an. Yóò tún fa omi aró búlúù sínú àpò ìtọ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Bí kò bá jò mọ́, wọ́n á fi rọ́bà sí i, kí ìtọ̀ máa gba inú rẹ̀ lọ, kí ojú rírán náà lè jinná láìsí ìnira.

Ibí yìí ni owó wà, ẹ̀yin ará mi. Ọjọ́ mélòó ni rọ́bà náà yóò fi wà lára rẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò. Kì í ṣe pé ẹnìkan ti dán an wò dáadáa. Ẹ̀rù ni: wọ́n ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, ojú rírán lè tú. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó pẹ́ lára náà ní ewu tirẹ̀. Kòkòrò àìsàn lè gba ibẹ̀ wọlé, ara kì í sì í rọ ẹni tí ó wà lára rẹ̀.

Ni àwọn dókítà bá pa ẹnu pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, pẹ̀lú Nìjẹ̀r, Gínì, Sierra Leone, Kóńgò, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Etiópíà. Láàárín 2012 sí 2013, wọ́n kó obìnrin 524 jọ tí fístúlà wọn jẹ́ èyí tí ó rọrùn, tí iṣẹ́ abẹ sì ti dí. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí wọn. Àwọn 261 bọ́ sí apá tí wọn yóò yọ rọ́bà ní ọjọ́ keje, àwọn 263 bọ́ sí apá ọjọ́ kẹrìnlá. Gègé ni wọ́n fi pín wọn kí ó má baà jẹ́ pé dókítà yóò fi àwọn tí ara wọn le sí apá kan, àwọn tí ara wọn kò le sí apá kejì. Ìdájọ́ òdodo nìyẹn, a sì mọ ìyì rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún gbogbo wọn yẹ̀ wò. Nínú 250 tí wọ́n rí yẹ̀ wò ní apá ọjọ́ méje, ti ènìyàn 10 ló tú. Nínú 251 ní apá ọjọ́ mẹ́rìnlá, ti ènìyàn 8 ló tú. Ẹ wò ó: mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, àti mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó ohun tí a lè torí rẹ̀ dá obìnrin dúró sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ń jẹ́ The Lancet tẹ àbọ̀ náà jáde ní 2015. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìmọ̀ràn jáde pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fístúlà tí ó rọrùn, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tó fún rọ́bà.

Mo ní láti kìlọ̀ níbí. Fístúlà tí ó rọrùn ni wọ́n dán èyí wò lára rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá lọ́jú pọ̀, tí ihò rẹ̀ tóbi tàbí tí wọ́n ti rán an tì tẹ́lẹ̀, dókítà rẹ̀ lè dá a dúró jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má lọ bá dókítà jà pé akọ̀wé sọ pé ọjọ́ méje ni. Dókítà ló rí ojú ọgbẹ́.

OHUN TÍ ÈYÍ JẸ́ NÍNÚ ÌṢIRÒ WA

Ẹ jẹ́ kí á fi ṣe ìṣirò bí ọlọ́jà. Bí obìnrin mẹ́wàá bá lo ọjọ́ 14 kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 140 ọjọ́ ni oúnjẹ tí ẹgbẹ́ yóò san, fún òun àti ẹni tí ó dúró tì í. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méje, 70 ni. Owó oúnjẹ tí ó tó obìnrin mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ lè tó ogún báyìí. Bẹ́ẹ̀dì kan náà yóò gba ẹlòmíràn. Obìnrin tí ó ní ọmọ kékeré nílé yóò tètè padà sọ́dọ̀ wọn.

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìjọba tàbí àwọn àjọ máa ń gbé owó iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó máa ń dá obìnrin dúró sílé ni owó ọkọ̀, oúnjẹ, ọṣẹ, aṣọ ìlédìí àti ẹni tí yóò bá a lọ. Láti Ìlúà dé Òkèhó, láti Òkèhó dé Ìsẹ́yìn, láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn, ọkọ̀ mélòó ni yóò wọ̀ pẹ̀lú òórùn àti ìtìjú? Ibẹ̀ ni sàká wa ti lè wọlé.

Ṣé ó tọ́ ní òfin? Ìpín mẹ́jọ tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún sàká nínú Súrà Taobah, ẹ̀yin àgbà mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Aláìní àti tálákà ló ṣáájú. Obìnrin tí ọkọ ti kọ̀, tí kò lè tajà mọ́, tí kò ní ohun tí yóò jẹ, inú ìpín yìí ni ó wà kí á tó mẹ́nu kan àìsàn rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ gbèsè nítorí ìtọ́jú, ìpín àwọn onígbèsè náà wà níbẹ̀. Mo ti gbé e lọ bá Ìmáámù wa, wọ́n sì ní kí á fún obìnrin náà ní owó lọ́wọ́ kí ó di tirẹ̀, kí á sì yan ẹni tí yóò bá a lọ. Ẹni tí kò bá bọ́ sínú ìpín sàká, a lè fi sàráà ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí àwọn ìyá máa ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á ní, “Àáfà, ìtọ̀ ń dà lára mi, ṣé ìrun mi já ni?” Kò já. Àwọn onímọ̀ Fíkì ti ṣàlàyé pé ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ rẹ̀ dúró ní àwíjàre. Kí ó fọ ara rẹ̀, kí ó fi aṣọ dì í, kí ó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí ó sì kírun rẹ̀. Ohun tí ó bá já lẹ́yìn náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí rọ́bà wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe lé wọn kúrò ní ẹsẹ̀ ìrun.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Èkíní, kí á dènà rẹ̀. Bí ìrọbí bá ti lé ní wákàtí 12 tí ọmọ kò tíì wá, ẹ má ṣe dúró de àmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ẹni tí ó ní mọ́tò tàbí ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ìyá agbẹ̀bí, ẹ kò pàdánù iyì bí ẹ bá tètè rán aláboyún lọ. Iyì yín ló ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin dàgbà dáadáa kí ó tó lọ ilé ọkọ. Ibn Sina ti sọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Èkejì, bí ìtọ̀ bá ti ń dà lẹ́yìn ìrọbí, kí á tètè gbé e lọ. Kí àwọn ìyá ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan máa wo ilé yíká, kí wọ́n sì wá sọ fún akọ̀wé. Èmi yóò máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí àwọn mìíràn kò ní rí, n ó sì béèrè ní ọsibítù ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti ohun tí a ó san kí ó tó kúrò nílé.

Ẹ̀kẹta, kí á tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà bá ṣì wà lára rẹ̀, kí ó máa mu omi púpọ̀, kí rọ́bà náà má ṣe ká kò, kí àpò rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ ju ibi tí ó jókòó sí lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á. Kí ọkọ má ṣe súnmọ́ ọn fún oṣù mẹ́ta, tàbí títí tí dókítà yóò fi sọ pé ó tó. Bí ó bá tún lóyún, ọsibítù ni kí ó bí i sí, nítorí pé dókítà lè ní láti fi abẹ gba ọmọ náà. Kí á sì wá owó díẹ̀ fún un láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò, kí ó má baà padà di ẹni tí ń tọrọ.

Láti 2013, ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ fístúlà. Bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i, mo dábàá pé kí á máa fi ọjọ́ náà kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ọjà àti ní ilé ìtọ́jú aláboyún ní ìlú yìí.

Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ gbé lé mi lọ́wọ́, ìdáhùn mi nìyẹn: owó náà kò ní ṣòfò. Mo dábàá pé kí á ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìpín àwọn aláìní lọ́dún yìí, kí á fi orúkọ àwọn obìnrin yìí sí ìtòsí orúkọ àwọn opó àti ọmọ òrukàn. Alága, mo gbé e síwájú ilé.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn ní ìlera, kí Ó sọ aláboyún wa kalẹ̀ ní àyọ̀, kí Ó gba sàká lọ́wọ́ wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ohun tí ó kù. Àmín.